Ọmọ Tí Ń La Ẹnu Sùn: Ẹ Yẹ Ẹ̀yìn Imú Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Aláìgbọràn

Ọ̀rọ̀ imú àti etí àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nínú àwọn lẹ́tà tí ń dé ọwọ́ mi, ọ̀pọ̀ ni ó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń ṣe àròyé pé, "Ọmọ mi kì í gbọràn." Bí mo bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo sábà máa ń rí i pé ọmọ kan náà ni imú rẹ̀ kì í gbẹ, tí ó ń la ẹnu sùn, tí ó sì ń hanrun bí àgbàlagbà. Ìyá kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ ara wọn. Pàṣán ni ó fi ń wo ọ̀kan, ìpara imú ni ó fi ń wo èkejì.

Kókó ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ọmọ tí imú rẹ̀ máa ń dí nígbà gbogbo, tí ó sì dà bí ẹni pé kì í gbọràn, ẹ jẹ́ kí a yẹ etí rẹ̀ wò kí a tó nà án. Ó lè má jẹ́ pé ó kọ̀ láti gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

ẸRAN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN IMÚ

Bí ẹ bá ní kí ọmọ la ẹnu rẹ̀ dáadáa níwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí belubelu tí ó rọ̀ wálẹ̀ láàárín ọ̀fun. Ẹ ó sì rí ẹran kékeré méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Ẹran tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí. Òun wà lókè àjà ẹnu, níbi tí ihò imú méjèèjì parí sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Nítorí náà, bí ó ti wù kí ọmọ la ẹnu tó, ojú lásán kò lè rí i. Ádínọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ẹran ẹ̀yìn imú, kí ó lè yé tèwe tàgbà.

Gbogbo ọmọ ni a bí i mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń fà símú kò lè ṣàìní kòkòrò àrùn nínú, ẹran yìí a sì máa mú lára àwọn kòkòrò náà, a máa kọ́ ara ọmọ bí yóò ṣe máa bá wọn jà. Láti ọmọdé ni ó ti ń dàgbà. Láàárín ọmọ ọdún 3 sí ọdún 7 ni ó máa ń tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni yóò máa súnkì díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá fi di géńdé tàbí wúńdíá, èyí tí ó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, ní àwọn ọdún tí ẹran náà tóbi jù, ààyè tí ó wà lẹ́yìn imú ọmọ ṣì kéré. Bí ọ̀fìnkìn bá wá ń mú ọmọ léraléra, ẹran náà yóò máa wú bí ó ti ń jà. Ọ̀fìnkìn yìí kò tíì lọ tán, òmíràn ti dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà yóò wá sanra títí tí onílé fúnra rẹ̀ kò fi rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni a ti mọ̀ pé ẹran yìí lè ba etí jẹ́. Ní ọdún 1868 ni dókítà kan ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Meyer, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa a tún máa fi ẹnu mí, ohùn wọn a sì dà bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ó ti ìka rẹ̀ gba ẹnu bọ ẹ̀yìn àjà ẹnu, ó sì kan ẹran rírọ̀ tí ó kún ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò fún wọn. Meyer kú ní ọdún 1895. Ní ọdún 1898, a gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Copenhagen, owó tí àwọn ènìyàn láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè dá ni a sì fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀ tó.

BÍ Ó ṢE Ń DÍ ÈÉMÍ LỌ́WỌ́

Ọlọ́run kò dá imú lásán. Imú ni ó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, òun ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀yìn imú bá dí, ẹnu ni ọmọ yóò máa fi mí tọ̀sán tòru. Ètè rẹ̀ yóò máa gbẹ, yóò máa là. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò máa rùn, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́ lẹ́nu lálaalẹ́.

Ẹ wò ó nígbà tí ó bá ń jẹun. Ẹni tí ó ń fi ẹnu mí kò lè máa jẹun kí ó sì máa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò pẹ́ nídìí oúnjẹ. Yóò fẹ́ ẹ̀kọ tútù ju iyán àti ẹran lọ. Àwọn ará ilé yóò ní ọmọ náà ń ṣe akọ sí oúnjẹ ni, bẹ́ẹ̀ èémí ni ó ń wá.

Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ohùn rẹ̀ gba imú jáde kò ní lè gba ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ pe "Màmá," yóò dà bí ẹni pé "Bàbá" ni ó ń pè. Bí ó bá fẹ́ sọ pé "ọ̀nà," yóò fẹ́ jọ "ọ̀dà" létí yín. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmì ni, kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Òru ni ọ̀rọ̀ náà máa ń le jù. Ọmọ yóò máa hanrun, yóò máa yí kiri lórí ibùsùn, yóò sì máa làágùn nígbà tí àwọn tó kù kò làágùn. Òmíràn yóò ju ọrùn sẹ́yìn, òmíràn yóò dojú délẹ̀ yóò gbé ìdí sókè, kí ó lè rí ọ̀nà mí. Òmíràn tí kì í tọ̀ sílé mọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Èyí tí ó burú jù ni pé èémí ọmọ náà lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Àyà rẹ̀ yóò máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò fa èémí lójijì bí ẹni tí ó yọ láti inú omi, yóò sì tún sùn padà. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan a ní àjẹ́ ni ó ń fún ọmọ lọ́rùn, wọn a sì lọ jókòó ti aláàsàlẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn imú ni ó sábà máa ń fà á, pàápàá bí ẹran ọ̀fun méjèèjì bá tún wú mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò oorun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, bí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tí mo ń sọ yìí lè wà lórí ẹní fún gbogbo wákàtí náà, kí ó má sì sùn dénú. Ilẹ̀ yóò mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì rò pé ọmọdé tí kò sùn tó yóò kàn máa tòògbé bí àgbàlagbà. Àwọn mìíràn a máa ta pọ́nhún pọ́nhún kiri ni. Wọn kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, wọn a máa jà, wọn a máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ara ọmọ kò ní dàgbà bí ó ti yẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le púpọ̀ tí ó sì pẹ́ láìsí ìtọ́jú, ó lè fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ọkàn ọmọ, kí ọkàn náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

BÍ Ó ṢE Ń DI ETÍ

Ẹ lè máa bi mí pé, kí ni ó kan etí nínú ọ̀rọ̀ imú? Ọ̀nà tóóró kan wà tí ó ti inú etí wá sí ẹ̀yìn imú. Etí ọ̀tún ní tirẹ̀, etí òsì ní tirẹ̀. Bí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a yán, ọ̀nà yìí a ṣí, afẹ́fẹ́ titun a sì wọ inú etí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ òfúrufú, tàbí tí ẹ ti gun òkè gíga nínú mọ́tò, ẹ mọ bí etí ṣe ń dí tí ó tún ń là nígbà tí ẹ bá gbé itọ́ mì. Ọ̀nà tí mo ń sọ ni ó ṣí yẹn.

Lára ọmọ ọwọ́, ọ̀nà yìí kò gùn ju nǹkan bí ìdajì ti àgbàlagbà lọ, kò sì dà gẹ̀rẹ́ tó tiwa. Ẹnu rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹran ẹ̀yìn imú gan-an. Bí ẹran náà bá wú, tí àwọn kòkòrò sì sá pamọ́ sínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà a wú, a sì pa dé. Afẹ́fẹ́ titun kò ní lè wọ inú etí mọ́. Omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun jọ lẹ́yìn awọ ìlù etí, yóò sì máa ki títí tí yóò fi máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìlù tí omi kún inú rẹ̀ kò lè dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí.

Àrékérekè àrùn yìí ni pé kì í sábà dun ọmọ. Etí kò tú, ara kò gbóná, kò sí ẹni tí yóò fura. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń gbọ́, ẹ ti ìka yín méjèèjì bọ etí, kí ẹ ní kí ẹnìkan bá yín sọ̀rọ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ ó gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ gbogbo ohun tí ó sọ. Orin ọ̀rọ̀ yóò dé etí yín, ara ọ̀rọ̀ kò ní dé. Ìyá ní, "Fọ̀ ọ́," ọmọ gbọ́ "Sọ̀ ọ́," ó sì gbé abọ́ náà kalẹ̀ láìfọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀?

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń mú kí àwọn àgbà ṣi ọmọ náà dá lẹ́bi. Omi inú etí a máa pọ̀, a máa dínkù. Lónìí ọmọ yóò gbọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò ní gbọ́ mọ́. Bí a bá dojú kọ ọ́ sọ̀rọ̀, yóò wo ètè wa, yóò sì dáhùn. Bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, yóò dákẹ́. Àwọn àgbà yóò wá ní, "Ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń gbọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti fa ẹgba sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí a bá fi ẹgba lé ọmọ yìí lára lójoojúmọ́, omi etí rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó là, nítorí ohun tí etí gbọ́ ni ẹnu ń sọ. Bí ó bá ti wà ní ilé-ìwé, ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò máa jókòó, yóò máa wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, ipò ìkẹyìn ni yóò sì máa gbé wálé. Orúkọ "olódo" tí a fún ọmọ ní ọdún 6 lè bá a dé ọdún 60.

Ẹ DÁN AN WÒ NÍ ILÉ

Ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọmọ náà ní nǹkan bí ọwọ́ nínà kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó rí ètè yín. Ẹ fi ìka rọra di etí rẹ̀ kan. Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó mọ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bíi fìlà, ẹja, àga, kí ó máa sọ ọ́ tẹ̀ lé yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún etí kejì. Bí ó bá ń ṣì í gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má bá a wí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti imú, ẹ ní kí ó pa ẹnu dé, kí ẹ gbé dígí kékeré sábẹ́ ihò imú rẹ̀. Èémí imú tí ó là yóò bu oòru sára dígí náà ní apá méjèèjì. Bí ọmọ bá sùn, ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí kí ẹ máa gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tí ń ya fídíò, ẹ ya oorun ọmọ náà kí dókítà lè rí i. Ọmọ tí ń jà fún èémí ní aago méjì òru lè máa sáré ṣeré níwájú dókítà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ìyàtọ̀ yìí o. Bí ó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ni ó dí, tí ó sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti ti ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìkó tàbí ìyẹ́ adìẹ wá a jáde. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí imú rẹ̀ dí, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú léraléra, gbọ́dọ̀ rí dókítà láìfi falẹ̀. Bákan náà ni àgbàlagbà tí imú tàbí etí rẹ̀ kan ṣoṣo dí fún ìgbà pípẹ́, nítorí kì í sábà jẹ́ ẹran ẹ̀yìn imú ni ó ń ṣe irú wọn.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ má da àdí gbígbóná, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí etí ọmọ. Omi tí mo ń sọ wà lẹ́yìn awọ ìlù etí, ohun tí a bá dà láti ìta kò lè dé ibẹ̀. Bí awọ náà bá sì ti lu, ohun tí a dà sí i lè ba inú etí jẹ́ pátápátá.

Ẹ má gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi abẹ bẹ́ belubelu rẹ̀. Mo ti ní belubelu kọ́ ni ó di ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ya nídìí abẹ bẹ́ẹ̀ lè má dá, abẹ tí a kò sè sì lè kó àrùn sí ọmọ lára.

Ẹ má ra oògùn kápúsù ní kẹ́míìsì fún un fúnra yín. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún àrùn kòkòrò tí dókítà bá rí, kì í fa omi etí tí mo ń sọ yìí gbẹ. Oògùn tí a ń kán símú kí ó lè là kíákíá kò yẹ fún ọmọ kékeré bí kì í bá ṣe dókítà ni ó kọ ọ́. Bí a bá lò ó pẹ́, imú a tún dí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rírọ ọmọ. Bí a bá dá ọmọ dùbúlẹ̀ tí a ń rọ ògì tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ọmọ. Ó tún lè gba ẹ̀yìn imú lọ síhà etí. Ọmọ tí ń mu wàrà nínú ìgò pẹ̀lú, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè. Ọyàn ìyá ni ó dára jù, nítorí àwọn ọmọ tí ó mu ọyàn kì í sábà ní àrùn etí tó àwọn tí kò mu ún. Ẹ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ pé, kí ẹ sì mú èéfín sìgá, èéfín igi ìdáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí ọmọ ń sùn.

ÌTỌ́JÚ WÀ

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó nílò abẹ. Lára ọ̀pọ̀ wọn, omi etí a máa gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 3. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù 3, ẹ má rò pé kò mọ iṣẹ́ ni. Ìdúró náà wà lára ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ lọ́jọ́ tí ó dá o, kí wọ́n lè tún etí yẹ̀ wò. Láàárín àkókò náà, ó lè ní kí ẹ máa fi omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú fọ imú ọmọ. Ó sì lè kọ oògùn tí a ń fín símú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tí ó máa ń mú kí ẹran náà súnkì lára àwọn ọmọ kan.

Bí dókítà bá fẹ́ rí ẹran náà, yóò lo awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lẹ́nu, tàbí kí ó ya àwòrán ọrùn àti imú ní ẹ̀gbẹ́. Bí èémí bá ń dúró lóru, tàbí bí etí kò bá là lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè dámọ̀ràn pé kí a yọ ẹran náà. Wọn yóò fi oògùn mú ọmọ sùn, kò ní mọ ohunkóhun. Ẹnu ni wọ́n ń gbà yọ ọ́, kò sí ojú abẹ kankan ní ìta. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Bí omi etí bá ki, wọ́n lè fi ọ̀pá oníke kékeré kan sí awọ ìlù etí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Beverly Armstrong, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ̀wé nípa irú ọ̀pá yìí ní ọdún 1954. Ó máa ń wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 6 sí oṣù 12, lẹ́yìn náà a já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Èkíní, ẹ sọ fún dókítà bí ọmọ bá ní ẹ̀jẹ̀ SS, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ kì í bá dá lára rẹ̀ tàbí lára àwọn ará ilé yín, kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá ní kí ọmọ má jẹun kí ó tó wọlé iṣẹ́ abẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àánú jí ẹ̀kọ fún un. Oúnjẹ inú ikùn lè padà gòkè nígbà tí ó bá sùn, kí ó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti délé, ọ̀fun lè máa dun ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì lè máa rùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa nímú tàbí lẹ́nu, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BÉÈRÈ

"Bí a bá yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò, ṣé àrùn kò ní wọlé?" Rárá. Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ nínú ara. Àwọn tó kù yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Ṣé ó lè hù padà?" Ó lè hù díẹ̀, pàápàá lára ọmọ tí ó kéré gan-an nígbà tí a yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a tún pa dà sídìí abẹ.

"Ṣé a kò lè dúró kí ó súnkì fúnra rẹ̀?" Bí ọmọ bá ń sùn dáadáa tí ó sì ń gbọ́ràn, ẹ lè dúró, kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún tí ẹ ó fi dúró ni ọdún tí ó yẹ kí ó fi kọ́ a-b-d. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

"Níbo ni kí a lọ?" Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ béèrè ìwé tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà imú, etí àti ọ̀fun. Wọ́n wà ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní ọsibítù yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin. Ilé ìtọ́jú etí ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n bí èémí ọmọ bá ń dúró, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ẹ̀yìn etí rẹ̀ wú tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má dúró de ìwé kankan. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀YIN TÍSÀ, Ẹ GBỌ́ O

Ẹ̀yin ni ẹ ń rí ọmọ yìí pẹ́ jù lójúmọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí ó ń bi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pé "Kí ni tísà wí?", ẹ má pè é ní olódo. Ẹ gbé àga rẹ̀ wá sí iwájú. Ẹ dojú kọ ọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ má máa kọ̀wé sójú pátákó kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì fi sùúrù ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta lọ́dọọdún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ etí àti gbígbọ́ràn. Ó dára kí ilé-ìwé gbogbo fi ọjọ́ náà dán etí àwọn ọmọ wò.

Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ gbé àtùpà, ẹ lọ dúró tì wọ́n. Ẹ wo ẹnu ta ni ó là. Ẹ gbọ́ èémí ta ni kò já gaara. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, kí ẹ sì kó pàṣán náà sórí àjà. Ìbéèrè yín lè dé ọ̀dọ̀ mi bí ti àtẹ̀yìnwá, n ó sì dáhùn èyí tí ó bá kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí ó dá gbogbo wa sí.